Dá Ṣọ́ọ̀bù Kẹta Padà Sínú Ìṣirò Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù Màmá,
Ẹ̀yìn gáréèjì, Àjà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án.

Àǹtí Bọ́lá mi,

Ẹ má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Èmi Tóyìn àbúrò yín ni mo mú bírò, ṣùgbọ́n ẹnu Màmá ni lẹ́tà yìí ti ń jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti orí fóònù, pé tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn àwọn, ẹ ó kàn sọ pé, "Màmá, mo wà níbi iṣẹ́," ẹ ó sì pa á. Ohun tí ẹ máa jókòó tì, tí ẹ máa kà lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn fúnra wọn ì bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ọgọ́ta ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé máa fi tú gbólóhùn àkọ́kọ́. Nítorí náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pè yín ní "ìwọ", Màmá ló ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ nínú àkámọ́, èmi ni mo yọjú. Wọn ò mọ̀ pé mo máa yọjú. Ó yá, wọ́n ti ń wò mí.

Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ń gbé orí sókè,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró láti àárọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọsibítù ńlá yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ lójú rẹ bó ṣe rí lára mi, nítorí pé ẹkún ló máa ń gbà á lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún gbogbo Àjà. Mo sọ fún ẹni tó ń ta páànù, mo sọ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́, mo sọ fún obìnrin tó ń rán aṣọ lókè wa. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe apòògùn tó kàn ń ka oògùn sínú ọ̀rá. Òun ni wọ́n ní kó máa wọn gbogbo áńtíbáyọ́tíìkì, oògùn apakòkòrò, tí ọsibítù náà ń lò, ti àwọn tó sùn sí wọ́ọ̀dù àti ti àwọn tó ń gba oògùn lọ sílé, kí àwọn dókítà lè mọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, kí oògùn náà má baà di omi lásán lára èèyàn. Oníkẹ̀kẹ́ kan ní, "Ìyẹn ni pé ọmọ yín ti di ọlọ́pàá oògùn, Màmá?" Mo ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá ni kó o pè é."

(Àǹtí mi, wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ o. Wọ́n sọ fún obìnrin kan tó wá ra bándéèjì pé kò sí dókítà tó lè fa abẹ́rẹ́ síta níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mi orí. Obìnrin yẹn ti ń bẹ̀ pé kí ẹ bá òun gba ọmọ òun síṣẹ́. Ẹ máa retí rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ayọ̀ nìkan kọ́ ló mú mi pe Tóyìn jókòó. Nígbà tí o wá kí wa ní Sátidé, o wọ ilé lọ wẹ̀, o fi lápútọ́ọ̀pù rẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àbúrò rẹ wò ó.

(Mo jẹ́wọ́. Mo kàn fẹ́ wá fíìmù ni. Ẹ dárí jì mí, Àǹtí mi.)

Ó ní o ní ojú ìwé kan tí o fi ń kọ ohun tí àwọn aláìsàn tí kì í sùn síbẹ̀ bá sọ nígbà tí ẹ bá bi wọ́n pé, "Kápúsù wo lẹ ti lò kí ẹ tó wá, ibo lẹ sì ti rà á?" O ò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan, nọ́ńbà lo fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù Kìíní, Ṣọ́ọ̀bù Kejì, Ṣọ́ọ̀bù Kẹrin. Ìkẹta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n o fi ìlà pupa fà á kọjá, àti òun àti gbogbo èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, o wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ti Màmá ni. Yọ ọ́."

Mo bu oúnjẹ fún ọ, o jẹ, o lọ sílé rẹ ní Igbó Ẹfọ̀n. Nígbà tí mo pè ọ́ lánàá, o ní ìṣirò àwọn tó ń lọ sílé kò bára mu mọ́, pé ní Ọjọ́bọ̀ tí o máa dúró níwájú àwọn dókítà, ti wọ́ọ̀dù nìkan lo máa fi hàn wọ́n. O rò pé mi ò mọ ìdí tí kò fi bára mu. Mo mọ̀ ọ́n. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìyá àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ta oògùn kí n tó bí ọ.

Ìmọ̀ràn kìíní. Má ka páálí, èèyàn ni kó o kà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Ilé ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú títì Ẹ̀pẹ́ nígbà náà bí olú, sáìtì kún ọ̀nà. Fóómààn kan wà ní ọ̀nà Igbó Ẹfọ̀n tí a ń pè ní Ọ̀gá Múṣẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń rán èèyàn wá ra odindi páálí kápúsù pupa-àti-yẹ́lò lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Háà, àwọn èèyàn yìí mà ń ṣàìsàn o." Mo ń gbàdúrà fún wọn, mo sì ń tà fún wọn. Mo tún ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi nìkan ni mò ń wo odindi sáìtì kan sàn.

Ọjọ́ kan ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, wọ́n ti ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́. Ọ̀gá Múṣẹ́ tò wọ́n sórí ìlà bí ọmọ iléèwé, ó ń ju kápúsù kọ̀ọ̀kan sí wọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló ń ṣe wọ́n?"

Ó ní, "Kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Kí ohunkóhun má baà ṣe wọ́n ni mo ṣe ń fún wọn."

Lébìrà kan wà níbẹ̀ tó fi tiẹ̀ sápò. Mo bi í pé ṣé kò ní gbé e mì ni. Ó ní, "Ti adìẹ mi nìyẹn, Àǹtí. Ẹ wá wò wọ́n. Kò sí adìẹ tó sanra tó tèmi láti ibí dé Ẹ̀pẹ́."

Bọ́lá, gbogbo àsìkò tí mo fi ń yangàn pé mò ń wo sáìtì sàn, adìẹ ni mò ń tọ́jú.

Nítorí náà, tí ẹni tó ń ṣọ́ stọ́ọ̀ bá sọ fún ọ pé wọ́ọ̀dù kan gba páálí mẹ́wàá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n má tíì gbà pé mẹ́wàá ló wọ ara èèyàn. Lọ wo dúrọ́ọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì bóyá ó ṣẹ́kù. Wo ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó o rí i bóyá wọ́n fún aláìsàn lóòótọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì fi fún un.

Ìkejì. O sọ fún mi pé dókítà àgbà kan pariwo mọ́ ọ, ó ní, "Ọmọ kékeré, wọ́ọ̀dù tèmi ló tóbi jù, báwo la ò ṣe ní lo oògùn jù?" Inú bí ọ, o fẹ́ fèsì, o gbé e mì. O ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò kúkú purọ́. Kò sí bí wọ́ọ̀dù tó ní ogójì bẹ́ẹ̀dì ṣe máa jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú èyí tó ní mẹ́fà, àfi tí o bá kọ́kọ́ wá ìwọ̀n tó bá àwọn méjèèjì mu. Ìwọ lo sì kọ́ mi ní ìwọ̀n náà. O ní ẹ ń mú iye tí àgbàlagbà kan máa ń lò láàárín ọjọ́ kan nínú oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ń sọ ìyẹn di kóńgò, ẹ wá ń pín gbogbo rẹ̀ sórí iye ọjọ́ tí àwọn aláìsàn fi sùn níbẹ̀. Nígbà tí o ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní, ọmọ yìí ti di ọlọ́jà gidi. Kóńgò kan náà fún gbogbo èèyàn, ìdí rẹ̀ kò sì tẹ̀ wọnú.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o fi kóńgò yẹn han dókítà náà kó o tó fi èsì hàn án. Jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀kan. Ẹni tó bá bá ọ wọn ọjà kò ní lè sọ pé o rẹ́ òun jẹ.

Kó o sì rántí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Má fi kóńgò àgbà wọn ọmọ ọwọ́, yóò dà bíi pé wọn ò lo nǹkan kan. Iye ọjọ́ tí ọmọ fi lò ó ni kó o kà. Èyí náà jẹ́ àṣìṣe mi. Nígbà tí mo wà léwe, tí wọ́n bá gbé ọmọ wá, kápúsù àgbà ni mo máa ń tú, màá da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí bébà, màá fi ojú pín in sí méjì, nígbà mìíràn sí mẹ́ta. Ojú lásán, Bọ́lá! Ọmọ kan bì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níbí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run ju ìyá rẹ̀ lọ. Ara ọmọ náà balẹ̀ nígbà tó yá. Èmi ni ara mi kò tíì balẹ̀.

(Ẹ jọ̀ọ́, a ní láti dúró díẹ̀. Bọ̀dá kan wọlé. Káfíńtà ni, lẹ́búlẹ́bú pákó kún orí rẹ̀ débi pé tó bá sín, ó máa fi ṣe tábìlì. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún yín bó ṣe ń jáde.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi po ti tẹ́lẹ̀ yẹn."

"Ti tẹ́lẹ̀ wo?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Pupa-àti-yẹ́lò méjì, funfun méjì, àti ọ̀kan yẹn tó dà bí ẹ̀wà. Ọ̀fun ló ń dùn mí."

"Mi ò ta kápúsù yẹn mọ́."

"Ó ti tán ni?"

"Kò tán. Mi ò tà á mọ́ ni. Lọ po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó o fi máa fọ ọ̀fun rẹ. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí kò lọ, tí ara rẹ sì ń gbóná, gba ọsibítù lọ."

"Ọsibítù? Nítorí ọ̀fun? Màmá, ṣé ẹ ti di wòlíì ni? Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi lóṣù tó kọjá!"

"Èmi ni. Mo sì ṣe àṣìṣe. Tóyìn, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan, ọ̀fun, ó béèrè méjì, a ò tà."

"Ẹ tún ń kọ mí sílẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún ilé ẹjọ́! Kò burú. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn kò ní bi mí ní ìbéèrè kankan."

Ó sì lọ, ó fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn títí gbogbo ìgò oògùn ikọ́ fi jó. Màmá wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Lóṣù tó ń bọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ Bọ́lá." Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Níbo la dé?

(Ìkẹta, Màmá.)

Ìkẹta. Ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì ń wò ó, dókítà ń wò ó, ìwé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó gba oògùn tó lọ sílé, ta ló ń wò ó? O sọ ọ́ fúnra rẹ pé àwọn yẹn pọ̀ ju àwọn tó sùn lọ fíìfíì. Nítorí pé wọn ò ní bẹ́ẹ̀dì, o ò lè pín tiwọn sórí ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. O ní ẹ ń ka iye àwọn tó wá, ẹ ń ka iye àwọn tó gba kápúsù lọ nínú wọn, irú èwo ni, ọjọ́ mélòó ni, àìsàn wo sì ni wọ́n torí ẹ̀ gbà á. Ọgbọ́n nìyẹn. Èyí tó tún wú mi lórí jù ni ìbéèrè kan tí ìwọ fúnra rẹ fi kún un, pé kí ni wọ́n ti lò kí wọ́n tó wá. Kò sẹ́ni tó rán ọ ní ìyẹn. Mo mọ ibi tí o ti rí i kọ́. Orí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù yìí lo ti dàgbà.

Jẹ́ kí n wá sọ ìtàn tí mi ò tíì sọ fún ọ tán rí.

Bíríkìlà kan wà tó ń jẹ́ Làmídì, ọmọ Ṣakí. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á pa dé pátápátá. O ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, ó máa ń ra gúgúrú fún ọ, o sì ń pè é ní Bọ̀dá Sìmẹ́ǹtì. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó wá bá mi. Mo fọ ojú ibẹ̀, mo tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò kan, mo da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò náà, mo wá fún un ní méjì pé kó gbé mì. Owó méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì ni mo tà. Lọ́jọ́ kejì ìrora náà rọlẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ wú. Ó tún wá. Mo tún fún un ní méjì, ṣùgbọ́n mo yí àwọ̀ padà, mo mú dúdú-àti-pupa. Lẹ́yìn ìyẹn kò wá mọ́. Mo ní ó ti sàn. Mo tiẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni mo wo ẹsẹ̀ Làmídì.

Kò sàn. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ, ó ra díẹ̀. Ó gba òmíràn lọ, ó ra díẹ̀, ó tún gba ìkẹrin lọ. Kálukú wa rò pé díẹ̀ péré lòun tà. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, kòkòrò inú egbò yẹn ti tọ́ oògùn gbogbo wa wò, ó ti mọ̀ wọ́n lójú, kò bẹ̀rù ìkankan mọ́. Mo lọ wò ó. Dókítà obìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó bi mí pé,

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ mi ló ti ra oògùn."

"Èwo ni yín nínú wọn? Ó ní ibi mẹ́rin lòun ti rà á."

"Ọ̀kan ni mí nínú wọn, mà."

"Ó dáa, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Kápúsù wo ni? Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló fi lò ó?"

Bọ́lá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ méjì tèmi, mo mọ méjì kejì. Ti àwọn tó kù, mi ò mọ̀, Làmídì kò rántí, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dókítà yẹn dúró pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ojú ìwé tó yẹ kó kọ ọ́ sí wà ní òfìfo. Báwo ló ṣe máa mọ èyí tó máa lò, nígbà tí kò mọ àwọn tí kòkòrò náà ti borí? Ó ń dán ọ̀kan wò, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń mú òmíràn. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gé kí èyí tó kẹ́yìn tó ṣiṣẹ́.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó dùn mí jù? Nígbà tó fẹ́ padà sí Ṣakí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ní òun wá dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, Ìyá Bọ́lá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tọ́jú mi."

(Mi ò ní ẹ̀fẹ̀ kankan láti fi sí i.)

Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣíwọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mi ò fi ta méjì-méjì. Nígbà tó yá, bàbá yín kú, ìwọ sì ń múra àtiwọ yunifásítì, mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ. Kápúsù méjì-méjì wà lára ohun tó sọ ọ́ di apòògùn. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi fa ìlà pupa. O ní, "Kí ojú má ti ìyá mi, kí wọ́n má lọ ti ṣọ́ọ̀bù tó rán mi níléèwé pa." Ìfẹ́ ni. Mo rí i, ó sì wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, Àdùkẹ́. Kì í ṣe èmi lo yọ kúrò. Àwọn tó ra oògùn lọ́wọ́ mi lo yọ. Obìnrin tí ọyàn rẹ̀ wú. Lébìrà tí irin ya lọ́wọ́. Ọmọ tó ń wú ikọ́. Wọ́n wá sọ́dọ̀ rẹ, o bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n fi òtítọ́ dá ọ lóhùn, o wá pa wọ́n rẹ́. Òfìfo tó wà nínú ìwé dókítà yẹn lọ́jọ́ Làmídì, òun náà lo tún ń dá sílẹ̀ yìí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mọ̀. Ìwọ mọ̀.

Tí o bá sì fi ti wọ́ọ̀dù nìkan hàn wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n máa ní nǹkan ń lọ dáadáa, wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ọ, wọ́n á sì padà lọ máa kọ kápúsù fún ẹni tí òtútù mú. Wọn ò ní mọ̀ pé kí aláìsàn tó débẹ̀, ara rẹ̀ ti rí kápúsù mẹ́ta mẹ́rin. Àtẹ́wọ́ yẹn kò ní wo ẹnikẹ́ni sàn.

Nípa ti ṣọ́ọ̀bù, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Oògùn ẹ̀fọ́rí, oògùn inú rírun, bándéèjì, ohun tí ìwé àṣẹ mi gbà mí láyè láti tà nìyẹn. Láti Sátidé ni mo ti kó gbogbo kápúsù kúrò lórí pákó. Tóyìn tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ gbé wọn dání nínú páálí bísíkíìtì, kó o bá mi kó wọn dànù bí ẹ ṣe ń kó wọn dànù níbẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá tún fẹ́ wá bi mí léèrè, kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní àga tí wọ́n máa jókòó lé.

(Àǹtí mi, páálí méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n wúwo bí ọkọ̀ ojú omi tó kún. Àwọn oníbàárà sì ti ń dín kù lóòótọ́. Lánàá, ìgò rọ́ọ̀bù kan la tà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Màmá ní kí n má sọ ọ́ fún yín.)

Ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Èmi àti Tóyìn ti kọ gbogbo ohun tí mo rántí pé mo tà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù: àìsàn tí wọ́n bá wá, àwọ̀ kápúsù, iye rẹ̀. Bébà náà wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ibi tí mi ò ti rántí, mo ní kó kọ "kò rántí" síbẹ̀. Má fi ìméfò dí i fún mi, má sì fi ìméfò dí i fún ẹnikẹ́ni. "A ò mọ̀" náà jẹ́ èsì, ó sì sàn ju irọ́ tó gún régé lọ.

Nígbà tí o bá dúró síwájú wọn, kí wọn dáadáa. Má fi nọ́ńbà na ẹnì kankan. Tí ti dókítà àgbà yẹn bá ga, má pe orúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ bá a ní yàrá rẹ̀ ṣáájú, sọ fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí nǹkan kan, mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn yín." Ojú ò ní tì í, yóò sì fetí sílẹ̀. Bó bá tún pariwo, jẹ́ kó pariwo tán. Ọmọ Àjà ni ọ́, o ti gbọ́ ariwo tó ju tirẹ̀ lọ kó o tó mọ̀ ọ́n kà.

Má sì parí ọ̀rọ̀ rẹ sórí iye. Sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wọn. Èwo ni kí wọ́n dín kù? Àìsàn wo ni kò nílò kápúsù rárá? Lóṣù tó ń bọ̀, kó o tún wọ̀n ọ́n, kó o fi hàn wọ́n bóyá ó yí padà. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà ọ́ síṣẹ́.

(Wọ́n ní kí n má kúrò lọ́dọ̀ yín láìgba èsì. Tí ẹ bá ní oúnjẹ nílé, mo lè dúró dé ọdún tó ń bọ̀.)

Ọmọ mi, kò sí ọjọ́ tí mi ò yangàn nítorí rẹ. Mo yangàn nígbà tí o wọ yunifásítì, mo yangàn nígbà tí o wọ kóòtù funfun, mo sì yangàn jù lọ nígbà tí mo gbọ́ ìbéèrè tí o ń bi àwọn aláìsàn yẹn, nítorí pé òun ni ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi mí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Èmi ni mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ báyìí. Má da ìdáhùn mi nù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ mọ́ gaara ní Ọjọ́bọ̀. Dá Ṣọ́ọ̀bù Kẹta padà sáàárín Ìkejì àti Ìkẹrin, níbi tó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì béèrè pé ta ló ni í, má wo ilẹ̀. Wò ó lójú, kó o sọ pé, "Ìyá mi ni. Òun ló ní kí n kà á mọ́ ọn."

Èmi ni,
Ìyá rẹ.